Ààrò Tí Mo Dá sí Ẹ̀yìnkùlé Onílé

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òtútù ló ń jẹ́ kí ojú èèyàn rí màbo lókè òkun, ẹ má bá a jiyàn, ẹ kàn máa wò ó. Òtútù ní ẹ̀wù tirẹ̀, èèyàn á rà á wọ̀. Ohun tí wọn kì í ta ẹ̀wù rẹ̀ ni kí imú èèyàn má gbóòórùn nǹkan kan. Mo dé Kánádà, mo gbé báàgì mi wọ yàrá, mo ṣí fèrèsé, mo fa imú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ilé wà lọ́tùn-ún, ilé wà lósì, èèyàn ń gbé inú wọn, wọ́n ń jẹun, kò sì sí ẹni tí èéfín rẹ̀ yọ síta kí n mọ̀ pé wọ́n wà láyé. Ní Ìwó, kí n tó dìde lórí ẹní ni mo ti máa ń mọ ẹni tó ń dín àkàrà àti ẹni tí ọbẹ̀ rẹ̀ ti ń jóná. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní, ó tán.

Nínú ilé tí mo kọ́kọ́ gbé, àwa tí a jọ ń lo ilé ìdáná kan ṣoṣo pọ̀. Lọ́jọ́ kan tí búrẹ́dì ti sú mi, mo ra ẹja tútù, mo gé e, mo fi iyọ̀ pa á, mo tò ó sínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, mo sì ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹja lè gbẹ dáadáa bíi ti ilé. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀rọ kan tó ń ṣọ́ èéfín lókè àjà fi figbe bọnu. Gbogbo ará ilé sá jáde sínú yìnyín, ẹlòmíì wọ sálúbàtà, wọ́n tò sí ojú kan, wọ́n ń wò mí. Ọkọ̀ panápaná dé, ó pupa fòò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn fa ẹja mi jáde, ó bi mí bóyá mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni. Mo ní rárá, bí mo ṣe fẹ́ ẹ gan-an nìyẹn. Ó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbé ìkòkò kaná, kódà kó jẹ́ omi lásán, àwọn ará ilé á ti ṣí fèrèsé dè mí.

Nígbà tí mo pe Màmá, mi ò dárúkọ panápaná. Mo ní mo jẹ ẹja. Wọ́n ní Alihamudulilaahi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ń dùn mí, ẹ ní láti mọ ààrò ìyá mi. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìwó ló wà. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́n, bàbá mi ló fi páànù bò ó lórí kí wọ́n tó kú. Igi àyín tí wọ́n ń gbé wá láti ọ̀nà Kuta ni Màmá ń dá níbẹ̀, ẹni tó bá gbé igi mìíràn wá, á gbé e padà. Agbọ̀n kan wà tí wọ́n so kọ́ igi àjà lókè ààrò náà, èéfín ti jẹ́ kó dúdú, ó sì ń dán. Ní ọjọ́ Iléyá, tí a bá ti kírun dé láti yídì, tí wọ́n ti pa àgbò, tí wọ́n ti pín ti aládùúgbò àti ti aláìní, Màmá á gé ìhà àgbò náà sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n á so ti ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú okùn tirẹ̀, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n, èéfín á máa fín in. Ọmọ tí kò bá sí nílé, tirẹ̀ á wà níbẹ̀ títí yóò fi dé. Àwa méjì ni Màmá bí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Ràfátù. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan tí wọ́n ya lára yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé mi àtijọ́ ni wọ́n fi ń so tèmi.

Nígbà tí Ràfátù lọ sílé ọkọ ní Ilé-Ogbó, Màmá tẹ̀lé e lọ. Wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbé òkúta mẹ́ta kalẹ̀ fún un, wọ́n dáná àkọ́kọ́ síbẹ̀, wọ́n sì ṣe àdúà, wọ́n ní ààrò yìí ò ní tutù, ibi tí ó dá a sí ni yóò ti bá a dalẹ́. Nígbà tí Iléyá dé, kò sí okùn Ràfátù nínú agbọ̀n mọ́. Àgbàlagbà obìnrin, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́. Màmá ní kí ló ń sunkún sí, ṣebí ó ti ní ààrò tirẹ̀. Wọ́n ní ìyá tiwọn náà ṣe é fún wọn bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ọmọ tí kò bá tíì dá ààrò, ilé la ṣì kà á mọ́, ibi yòówù kó máa sùn.

Èmi ò lọ́kọ. Ìwé tí yóò jẹ́ kí n lè jáde ní Kánádà kí n sì tún padà wọlé, wọn ò fún mi. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, Màmá á bi mí bóyá mò ń bọ̀, màá ní ó kù díẹ̀. Wọ́n á sọ ìhà tó ti gbẹ kalẹ̀, wọ́n á sè é fún àwọn ọmọ ilé kéwú, wọ́n á so tuntun. Ọ̀rọ̀ náà máa ń dùn mí, ó sì máa ń tù mí nínú. Wọn ì báà pè mí ní àlejò títí láyé nínú ìwé ìjọba wọn, mo mọ̀ pé ìhà àgbò mi ń gbẹ lórí iná ní Ìwó, àti pé kò sí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án.

Iṣẹ́ tí mo rí ni fífọ aṣọ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Aṣọ ìbora, aṣọ ìnura, aṣọ tí wọ́n ti tọ̀ sí. Ọ̀gá mi kò lè pe orúkọ mi, ó sọ mí ní orúkọ mìíràn tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, mo sì ń dáhùn, torí mo fẹ́ jẹun. Òórùn ọṣẹ ibẹ̀ ti wọ̀ mí lára débi pé èmi fúnra mi ò mọ bí mo ṣe ń rùn tẹ́lẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà nílé rò pé mò ń jayé. Wọ́n á ní kí n ya fọ́tò ránṣẹ́, màá dúró níwájú òdòdó olódòdó, màá rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, mo kúrò láàárín àwọn aṣífèrèsé, mo gba yàrá abẹ́ ilé lọ́wọ́ ìyá òyìnbó kan tó ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ Sátidé kan nígbà ooru, mo ń sá aṣọ níbẹ̀, ni mo bá gbóòórùn èéfín. Èéfín igi, pẹ̀lú ẹran nínú rẹ̀. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo tẹ̀lé imú mi títí mo fi di fẹ́ǹsì mú. Bàbá òyìnbó kan wà lódì kejì, ó ń ṣí irin dúdú gbàgàdà kan tó rí bíi dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n dá dùbúlẹ̀. Ó rí bí mo ṣe ń mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọlé wá. Bàbá Onífìlà ni mo sọ ọ́, torí fìlà kì í kúrò lórí rẹ̀.

Ó fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn mí. Wọ́n lọ igi kúnná, wọ́n wá tún fún un pọ̀ di wóró, ó jọ oúnjẹ adìyẹ. Èèyàn á da wóró igi náà sínú àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, á ki wáyà bọ iná mànàmáná, á tẹ bí ó ṣe fẹ́ kó gbóná tó. Irin kan nínú rẹ̀ á máa yí, á máa ti wóró igi sínú iná díẹ̀díẹ̀, èéfín á máa yan ẹran, olúwarẹ̀ á jókòó sórí àga, á máa mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo rántí ojú ìyá mi tó ti pọ́n láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí iná fífẹ́. Inú bí mi. Bàbá Onífìlà gé ẹran fún mi, mo fi í sẹ́nu, ṣúgà ló fi pa á. Ẹran, ṣúgà! Mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n mo ti pinnu nínú ara mi. Èmi náà á ra irin yìí, màá yan ìhà àgbò bí wọ́n ṣe ń yan án, kí n lè ní ohun tí màá máa jẹ títí màá fi dé ọ̀dọ̀ èyí tó jẹ́ tèmi gan-an.

Onílé mi ní kò burú, kí n ṣáà gbé e jìnnà sí ògiri òun. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọkùnrin tó ń tajà fi ọ̀kan hàn mí, ó ní ó lè máa bá fóònù mi sọ̀rọ̀. Mo ní mi ò wá ẹni tí yóò bá fóònù mi sọ̀rọ̀, ẹran ni mo fẹ́ yan. Ó fún mi ní èyí tó kéré jù, tí kò mọ̀rọ̀ọ́ sọ. Inú páálí ńlá ni wọ́n gbé e wá sí, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì àti sípánà kékeré kan. Bàbá Onífìlà bá mi gbé e dé ẹ̀yìnkùlé, ó jókòó ti ìwé rẹ̀, ó ń kà á fún mi, èmi ń so ó pọ̀.

A so ó débi ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrú, torí pé táyà ló yẹ kó wọ abẹ́ wọn. Mo mú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́, mo wò wọ́n, ẹ̀rín pa mí. Ààrò wo ló ń yí kiri? Ṣé kẹ̀kẹ́ ni? Bàbá Onífìlà ní kí n fi wọ́n sí i, ó ní bí mo bá fẹ́ kó kúrò lọ́jọ́ kan ńkọ́. Mo ní nílé wa, ààrò kì í rìn. Ẹ̀yìnkùlé náà tún dagun, ilẹ̀ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí apá fẹ́ǹsì. Mo ra búlọ́ọ̀kù, mo fi gbé e sókè, mo po sìmẹ́ǹtì, mo ri ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbẹ, mo fi èjìká tì í, kò mì. Inú mi dùn. Mo ju táyà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọ̀rá wọn.

Ìwé rẹ̀ ní kí n kọ́kọ́ tan án lófìfo kí òórùn irin lè lọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo to ìhà àgbò tí mo rà lọ́wọ́ alápatà Mùsùlùmí sí i, mo dúró. Ó gbóná lóòótọ́, ṣùgbọ́n èéfín tó ń yọ kò tó nǹkan, ó tín-ín-rín, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. Mo pe Màmá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun alásárì tán ni. Wọ́n bi mí pé igi wo ni mo dá sí i. Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ṣé oúnjẹ adìyẹ ni à ń fi dáná lọ́hùn-ún. Wọ́n wá ní iná mi ló le jù, kí n wọ́n omi sí igi náà, kí iná lè sùn, kí èéfín lè dìde.

Lójú ìwé tó bá irin náà wá, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé omi kò gbọdọ̀ kan wóró igi. Ìyá mi ní kí n wọ́n omi. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Láti kékeré ni mo ti ń bá wọn wọ́n omi sí igi lábẹ́ agbọ̀n. Mo bu omi, mo wọ́n ọn. Wóró igi mumi, ó wú, ó tú, ó di ẹ̀kọ. Irin tó ń yí nínú rẹ̀ há, ó ké kàràkàrà, ó dákẹ́. Màmá ṣì wà lórí fóònù. Wọ́n ní ṣé ó ti ń rú. Mo ní ó ti ń rú, Màmá, ó ń rú gan-an.

Bàbá Onífìlà bá mi tú u. Ṣíbí ni mo fi ń ha ìyẹ̀fun igi kúrò nínú rẹ̀ títí ọwọ́ mi fi bó. Ó bi mí pé ta ló ní kí n da omi sí i. Mo ní kò sí ẹnì kankan. Mi ò lè jẹ́ kí òyìnbó fi ìyá mi rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo tún un tàn, mi ò jẹ́ kí omi kan án. Mo jẹ́ kí iná rẹ̀ kéré, mo fi ẹran sílẹ̀ níbẹ̀ ju bí ìwé ṣe wí lọ. Bàbá Onífìlà ké sí mi láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé ẹran náà ti bàjẹ́, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Mo yọ ọ́ nígbà tó gbẹ tó ń ró. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù, mo fi eyín fa á ya. Èéfín rẹ̀ mọ́ jù, kò ní ìkorò tí àyín máa ń fi sẹ́nu, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ó jọ ọ́. Mo jẹ ẹ́ tán, mo rún eegun. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ ṣe ohun kan tó yọrí, tí kì í ṣe aṣọ ẹlòmíì ni mo fọ̀.

Ìdùnnú yẹn ló kó bá mi. Mo pe Màmá lójú ẹsẹ̀, mo ní, "Màmá, mo ti dá ààrò."

Wọ́n bi mí bóyá èmi nìkan ni mo ni ín, mo ní èmi nìkan ni. Wọ́n ní, "Ṣé ó ṣeé gbé kúrò níbi tó wà?"

Mo fọ́nnu. Mo ní, "Sìmẹ́ǹtì ni mo fi ri í, Màmá. Ọkùnrin mẹ́ta ò lè mì í."

Wọ́n ní kí n tẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúà. Wọ́n ní ààrò mi ò ní tutù, wọ́n ní ibi tí mo dá a sí ni yóò ti bá mi dalẹ́. Mo ń ṣe àmín kíkan kíkan, ọwọ́ mi ṣì kún fún ọ̀rá ẹran. Mo rò pé àdúà lásán ni, bí ìyá ṣe máa ń ṣe é fọ́mọ.

Iléyá dé. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo kírun ní gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù, mo padà sílé, mo tan irin mi, mo pe ilé. Ràfátù ti dé láti Ilé-Ogbó, òun ló gbé fóònù. A kí ara wa kú ọdún, ó kí mi kú àìsí nílé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi wo ìhà mi nínú agbọ̀n, ṣé ó tóbi ju ti èṣí lọ?"

Ó ní Màmá á bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní kí ló dé, ṣebí kó kàn gbójú sókè wò ó ni. Ó ní, "Kò sí agbọ̀n níbẹ̀ mọ́. Wọ́n ti sọ ọ́ kalẹ̀."

Màmá gba fóònù. Wọ́n ní kì í ṣe ìbínú, kí n má rò ó bẹ́ẹ̀ rárá. Wọ́n ní èmi ni mo pè wọ́n pé mo ti dá ààrò, àwọn bi mí bóyá ó ṣeé gbé, mo ní sìmẹ́ǹtì ni mo fi ri í, àwọn sì ti ṣe àdúà sí i. Wọ́n ní ohùn mi dùn lọ́jọ́ náà ju bó ṣe máa ń dùn lọ, àwọn sì mọ̀ pé mo ti rí ibi jókòó sí.

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe ààrò. Irin ni. Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á, iná mànàmáná ló ń lò."

"O ń yan ẹran níbẹ̀?"

"Mò ń yan ẹran."

"O ń jẹ ẹ́, ó ń yó ọ?"

"Ó ń yó mi, Màmá."

"Kí wá ni ká máa pè é?"

Wọ́n ní ẹran tàwọn ń jóná, kí n gbádùn ọdún mi.

Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Mo bínú sí Màmá, mo bínú sí irin náà, mo bínú sí ẹnu ara mi. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ tí mo po sìmẹ́ǹtì sí kì í ṣe tèmi, bí onílé bá jí lọ́la tó ní kí n kó jáde, màá kó jáde. Ìjọba Kánádà ò tíì gbà pé mò ń gbé Kánádà. Ìyá mi ti gbà.

Mo pa iná irin náà, nígbà tó tutù, mo fa táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá. Mo yá òòlù lọ́wọ́ Bàbá Onífìlà, mo bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ sìmẹ́ǹtì. Ó fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, ó wá bá mi di irin náà mú kó má baà wó lù mí. Ó ní òun sọ fún mi nígbà yẹn. Mo ní mo mọ̀. Ọ̀kan nínú búlọ́ọ̀kù fọ́ sí wẹ́wẹ́, òòlù gbá mi ní ìka, mi ò dúró. A dá irin náà dùbúlẹ̀, a fi táyà wọ̀ ọ́, a fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ pa, a gbé e dìde, mo dì í mú. Bàbá Onífìlà padà sílé rẹ̀. Mo pe Ìwó.

"Màmá, mo ti fi táyà sí i. Ó ti ń yí."

Mo ń gbọ́ ìró àwọn èèyàn lẹ́yìn wọn, tí wọ́n ń jẹ ẹran ọdún. Wọ́n ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Máa yí i bọ̀. Ọjọ́ tó bá dé Ìwó, màá tún agbọ̀n so."

Mo bi wọ́n pé aṣọ aláwọ̀ ewé mi ńkọ́. Wọ́n ní ó ti gbó, wọ́n ti fi dáná. Wọ́n dágbére fún mi, wọ́n fẹ́ lọ ṣe àlùwàlá.

Mo jọ̀wọ́ irin náà, mo fẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Mo ti gbàgbé pé ilẹ̀ ibẹ̀ dagun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ fúnra rẹ̀, ó yí lọ sí apá fẹ́ǹsì, mo sáré tẹ̀lé e, mo fi ara dá a dúró. Mo wá òkúta káàkiri inú koríko, mo fi dí táyà náà kó má baà tún lọ. Mẹ́ta ló gbà kó tó dúró.